Bàbá ọmọ tuntun, iṣẹ́ wo ló jẹ́ tiyín?

Owó tá à ń ná sílé dáa o, kò sẹ́ni tó ń bá wa jiyàn, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ò mọ ẹni tó sanwó, ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń gbé e nígbà tó bá ń ké lóru, ẹni yẹn ló mọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ mú iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ ọmọ yẹn, ẹ gbà á pátápátá, kó má sí pé wọ́n ń rán yín létí kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Èmi á ní kẹ́ ẹ gba wíwẹ̀. Mo mọ̀ pé Màmá á ti dé, wọ́n á sì ní "lọ jókòó jàre, iṣẹ́ obìnrin nìyí". Ẹ má bá wọn fà á, ẹ kàn sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ jẹ́ kí n máa gbé omi wá, kí n máa wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é", tó bá yá àwọn fúnra wọn á gbé ọmọ lé yín lọ́wọ́. Omi tútù lẹ máa kọ́kọ́ bù sínú báàfù kẹ́ ẹ tó da gbígbóná sí i, ìgúnpá lẹ máa fi wò ó torí àtẹ́lẹwọ́ wa ti yi, kì í tètè mọ̀ pé omi gbóná jù. Ẹ jẹ́ kí ọrùn ẹ̀ sùn lé apá òsì yín, kí ìka ọwọ́ yẹn di abẹ́ abíyá ẹ̀ mú kó má yọ̀ bọ́. Ojú ló ṣíwájú, ìyẹn ò gba ọṣẹ. Abẹ́ ọrùn àti ẹ̀yìn etí, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ibẹ̀ ni ọmú tó dà sílẹ̀ máa ń sá sí tó ń rùn. Tí ìwọ́ ẹ̀ ò bá tíì já, aṣọ tẹ́ ẹ rẹ sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ máa fi nu ara ẹ̀, ẹ má sì gbà kẹ́nikẹ́ni fi ọṣẹ ìfọnu sí ìwọ́ yẹn, jẹ́ẹ̀lì tí nọ́ọ̀sì bá fún yín nìkan.

Lóru ńkọ́? Tí ìyá bá ti fún un lọ́mú tán, ẹ gbà á, ẹ gbé e lé èjìká títí táá fi gùfẹ̀, ẹ pààrọ̀ pámpásì, kí ìyá ẹ̀ sùn.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ fi àwọn ọjọ́ yẹn sí alárámù. Ní Nàìjíríà, BCG (abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ) àti èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu fún rọpárọsẹ̀, gbàrà tí wọ́n bá bí i ni, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, kó tó wá kan oṣù 9 tó máa gba ti éèyi àti ibà pọ́njú, ti éèyi á tún padà ní oṣù 15. Ọ̀fẹ́ ni ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba. Ẹ gbé ọmọ lọ fúnra yín, káwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì máa wò yín, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, láti 2022 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún bàbá ọmọ, ẹ gbà á, ẹ má sì fi wá owó níbòmíì. Tó bá jẹ́ ọ̀gá aládàáni ni, ẹ béèrè kí oyún tó gbó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Ìkòròdù tàbí Mowe tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Island, tẹ́ ẹ̀ ń jáde kílẹ̀ tó mọ́, tí gósílóò kì í jẹ́ kẹ́ ẹ bá ọmọ lójú, ọ̀rọ̀ yín ló ká mi lára jù. Ẹ gba àárọ̀ Sátidé, kó jẹ́ tiyín látìgbà tó bá jí títí á fi sùn lọ́sàn-án, kí ìyá ẹ̀ jáde lọ síbi tó bá wù ú. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ fi oríkì ẹ̀ pè é kẹ́ ẹ tó jáde, kódà tó bá ń sùn, Àjàní ni o, Àbẹ̀kẹ́ ni o, ohùn yín á mọ́ ọn létí. Tí oríkì orílẹ̀ yín ò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ pe màmá yín tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá yín lónìí, kí wọ́n kì í sínú voice note, kẹ́ ẹ fi pamọ́ sórí fóònù.