Ibo lẹ gbá a dé? Bí mo ṣe gba èrò ènìyàn mẹ́rin lórí Ni no Kuni ní Kubwa

Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Kubwa, l'Ábújá, ni iṣẹ́ yìí já lé mi léjìká. Àwa Yorùbá àdúgbò wa máa ń kó àwọn ọmọ jọ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kí wọ́n lè máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ara wọn, torí Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa ni wọ́n ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́dún náà, ẹnì kan dábàá pé ká wá géèmù kan tí wọn yóò jọ máa gbá, kí àgbàlagbà kan jókòó tì wọ́n, kó máa sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá. Mo dárúkọ Ni no Kuni: Wrath of the White Witch, ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe fún ẹ̀rọ géèmù PS4 ní 2019. Alága wa wò mí, wọ́n ní, "Yàtọ̀ sí ìwọ, ta ló ti gbá a?" Mi ò rí nǹkan sọ. Wọ́n ní kí n lọ gba èrò àwọn mìíràn wá, kí n mú un wá sí ìpàdé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Fún ẹni tí kò mọ géèmù náà: ilé-iṣẹ́ Level-5 ní Jàpáàn ló ṣe é, Studio Ghibli tó ń ṣe fíìmù ánímè ló ya àwọn apá tó dà bíi fíìmù nínú rẹ̀, Joe Hisaishi ló kọ orin rẹ̀. Ó jáde lórí PS3 ní Jàpáàn ní 2011, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwa tó kù ní 2013. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oliver ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Oliver kó sódò, ìyá rẹ̀ bẹ́ sómi, ó fà á yọ, àmọ́ ọkàn ìyá náà ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, ó kú. Ọmọ náà sunkún títí omijé rẹ̀ fi kán sára bèbí tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Bèbí yẹn ló di Drippy. Drippy ló sọ fún un pé ayé mìíràn wà, pé àwa tí a wà níhìn-ín ní ẹnìkejì níbẹ̀, àti pé bí ó bá lè gba ẹnìkejì ìyá rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ìyá rẹ̀ lè padà wá. "Ìlú kejì" gan-an ni ìtumọ̀ Ni no Kuni.

Ta ni yóò túmọ̀ ẹnìkejì fún Yorùbá? Ìyá tó bí ìyá mi a máa sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó dá nìkan wá sáyé, ẹnìkejì oníkálùkù ń bẹ lọ́run tó ń wò ó. Ohun tó mú mi fẹ́ràn géèmù yìí nìyẹn, ohun tó sì mú mi fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí i nìyẹn.

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú ewé àkọ́kọ́. Ṣé ó dùn? Kí ni kò dùn níbẹ̀? Máàkì mélòó lẹ máa fún un nínú mẹ́wàá? Díìsì kan ṣoṣo ni mo ní, èyí tí mo rà ní ilé ìtajà Banex ní Wuse II, nítorí náà mo ní láti máa yí i láti ọwọ́ kan sí òmíràn.

Kọ́pà tó ń gbé yàrá ìta ilé wa ló kọ́kọ́ gbà. Kò ní PS4, torí náà ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wá ní alaalẹ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kejì tó gbá a, iná lọ nígbà tó wà nínú ihò àpáta, ohun tó lé ní ogójì ìṣẹ́jú sì ṣòfò. Bí ẹ bá ń gbé níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, ẹ fi èyí sọ́kàn: lórí ilẹ̀ gbalasa, ẹ lè fi eré yín pamọ́ níbikíbi, àmọ́ nínú ihò àti nínú ilé, ìdí òkúta tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un nìkan lẹ ti lè fi í pamọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti sọ ọ́ di àṣà pé kí á tó wọ ibikíbi, a ó kọ́kọ́ fi pamọ́ ná.

Ọ̀rọ̀ ìjà ni Kọ́pà bá wá, kò sì fi bò. Nínú géèmù yìí, Oliver àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń jà fún un ló jọ ń lo ẹ̀mí kan àti agbára idán kan. Bí ẹ̀dá náà bá jẹ ìyà, Oliver ló jẹ ẹ́. Èyí kò bí i nínú. Àwọn alábàárìn ló bí i nínú. "Bọ̀dá, ẹ wo ọmọbìnrin yìí! Eku lásán ló ń bá jà, ó ti ná gbogbo idán ọwọ́ rẹ̀ tán. Nígbà tí ọ̀gá àwọn ọ̀tá bá dé báyìí, kí ló máa fi jà?" Òótọ́ ni. Àwọn alábàárìn a máa ná agbára wọn bí ẹni tí kò ní ọ̀la. Ẹ lè pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n má lo idán rárá, ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn, àmọ́ ó yẹ kí géèmù fúnra rẹ̀ gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ọ̀tá bá fẹ́ ju idán ńlá, ìwọ nìkan lo lè dáàbò bo ara rẹ. Àwọn yòókù a dúró gbagidi síwájú iná. Kọ́pà fún un ní mẹ́rin.

Ó ní ohun kan wù ú ṣá. Kano ni wọ́n bí i, ní Sabon Gari, ìgbà tí Oliver sì wọ Al Mamoon, ìlú ọlọ́jà tó wà láàárín aṣálẹ̀, Kọ́pà gbé páàdì sílẹ̀, ó ń wò. Ó ní ó rán òun létí ọjà Kurmi, ibi tí bàbá òun ti máa ń ra awọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé díìsì fún Ìyá Ìbejì tó ń gbé òkè wa. Ọkọ wọn ní PS4. Bí àwọn ìbejì bá ti sùn ni wọ́n máa ń gbá a. Àwọn ni mo gbádùn èrò wọn jù. Nínú ìtàn náà, ọ̀tá a máa jí ẹyọ kan lára ọkàn ènìyàn: inú rere, ìgboyà, ìtara, ìgbàgbọ́, ìkóra-ẹni-níjàánu, ìlépa, ìfẹ́ tàbí ìdánilójú. Mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Oliver ni yóò wá ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ dé ibi pé ó ń ṣẹ́kù, yóò tọrọ díẹ̀, yóò gbé e lọ fún ẹni tí kò ní. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. "Ṣé ẹ rí i, èsúsú ni wọ́n ń dá! Èsúsú ọkàn ni." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn.

Ẹ̀sùn tiwọn ni pé Drippy ń sọ̀rọ̀ jù. Kí ènìyàn tó ronú, ó ti sọ ohun tó kàn. Bí ẹni tó ń pa àlọ́ tó tún ń já a fúnra rẹ̀. Wọ́n tún ní ìránṣẹ́ pọ̀ jù, lọ síhìn-ín, padà sọ́hùn-ún. Àmọ́ ohùn Drippy dùn mọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Wales ló ń sọ, ó sì dá yàtọ̀ láàárín àwọn tó kù bí ìgbà tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá la ẹnu láàárín àwọn ará Ọ̀yọ́. Mẹ́jọ ni wọ́n fún un.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fún un ní mẹ́wàá. Ó ní òun ìbá fún un ní mọ́kànlá bí mo bá gbà. Kó máa fi orin háàpù tu àwọn ẹ̀dá inú igbó lójú, kó máa fi ṣokoléètì àti kéèkì bọ́ wọn, nǹkan tó gbájú mọ́ nìyẹn. Ó sọ èyí tó kọ́kọ́ ní ní Àkàrà.

Ẹni kẹrin ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ẹni tó fẹ́ràn géèmù ju gbogbo wa lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá díìsì padà. Wọ́n ní, "Kò bá mi lára mu." Mo ní kí wọ́n fún un ní máàkì, wọ́n ní kí n kọ òdo. Mo kọ òdo.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìpàdé pé ni mo jókòó ti ìwé mi. Mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́wàá, òdo. Bí ẹni pé géèmù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbá. Mo kà á títí, ìgbà náà ló tó yé mi pé mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó gbá a dé. Ó gba èmi gan-an ní wákàtí 46 kí n tó parí rẹ̀. Ta ló bá mi dé ibẹ̀ nínú wọn? Ni mo bá kọ ìbéèrè kẹrin, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé ká.

Kọ́pà ò tíì dé ibi tí géèmù ti máa fún ènìyàn ní bọ́tìnì tí gbogbo wọn yóò fi jọ dáàbò bo ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jẹ́ kó dé ibẹ̀, ó sì yí mẹ́rin rẹ̀ sí mẹ́fà, kò kọjá bẹ́ẹ̀, torí pé ó ní kò yẹ kí wọ́n fi í pamọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ìyá Ìbejì ti kọjá ìdajì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò kúrò ní àyíká Al Mamoon láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìtàn ò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì nílé wọn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ gbá a dé?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ibi tí ọmọ yẹn ti padà sílé lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú." Kò tó wákàtí kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá sọ fún mi pé ìyá àwọn kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni àwọn wà nígbà tí wọ́n pè wọ́n pé kí wọ́n rọra máa bọ̀, kò sí kánjúkánjú mọ́.

Mo mú bírò, mo fagi lé òdo yẹn lójú wọn.

Ní ìpàdé, mi ò ka máàkì fún ẹnikẹ́ni. Mo ka ohun tí oníkálùkù sọ àti ibi tó dé nígbà tó sọ ọ́. Wọ́n gbà á, àmọ́ Ìyá Ìbejì ló dìde pé méjì lára àwọn ọmọ wa ò ní ìyá mọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bá àwọn tó ń tọ́ wọn sọ̀rọ̀, kí àgbàlagbà sì jókòó tì wọ́n ní wákàtí àkọ́kọ́. Gbogbo ilé fọwọ́ sí i. A tún fẹnu kò pé ìpele tó rọrùn ni wọn yóò fi gbá a, nítorí ẹjọ́ tí Kọ́pà rò.

Bí a ṣe ń tú ká, ẹ̀gbọ́n yẹn fà mí sẹ́yìn, wọ́n ní kí n tún yá àwọn ní díìsì náà kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, aago mọ́kànlá alẹ́ kọjá, fóònù mi dún. Mo ń gbọ́ orin Hisaishi lẹ́yìn ohùn wọn. Wọ́n ní, "Àbúrò, ìyá ọmọ yìí, ṣé ó máa padà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbá a lọ."

Wọ́n ní ó dáa. Wọn ò pa fóònù fún ìgbà díẹ̀, èmi náà ò pa á.