Ilé amọ̀ àtijọ́ n'Ílọrin: ẹ dúró kójò rọ̀ ná

Tóò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bí mo ṣe ra ilé kékeré oníyàrá mẹ́ta yẹn nítòsí Pákátà, ẹ jókòó. Ilé amọ̀ ni o, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, àmọ́ ògiri rẹ̀ nípọn débi pé tóòrùn bá ń jó gbogbo Ìlọrin, inú yàrá yẹn tutù ni. Ìyẹn ló wọ̀ mí lójú.

Ẹ má lọ wo irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́, gbogbo ògiri ló máa ń dáa nígbà ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kójò ńlá rọ̀, kẹ́ ẹ wá lọ lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Èmi fi kọ́kọ́rọ́ lu púláástà kó kó kó, òkè le, ìsàlẹ̀ ń dún bí igbá òfìfo, mo wá fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ gbẹ́ ẹ díẹ̀, sìmẹ́ǹtì bá já bọ́, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ lára ló fà á, amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, ó sì fẹ́ mí i síta, sìmẹ́ǹtì ò jẹ́ kó mí, omi á wá dúró síbẹ̀. Torí náà ẹ wá bíríkìlà àgbàlagbà tó mọ amọ̀ pò. Àwọn Hausa máa ń po omi èèpo èso irú mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní makuba, ó máa ń jẹ́ kójò má tètè wẹ ògiri. Ẹ wo igi àjà náà torí ikán.

Ìwé ló wá jẹ mí níyà. Éjẹ́ǹtì ní ọkùnrin kan ṣoṣo ló nilé, èmi náà gbà (ojúkòkòrò ni), mo san àsansílẹ̀. Kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà, obìnrin ni, dé láti Jos, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní: "Ṣé èmi ni bàbá ò bí ni?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilé ẹbí ni, ẹnì kan ò lè dá a tà, tí wọ́n bá sì pín ogún nílànà Islam, bó ṣe pọ̀ n'Ílọrin, ọmọbìnrin ní ìpín tiẹ̀, ìdajì ti ọmọkùnrin. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ìyàwó mélòó ni bàbá fẹ́, ọmọ mélòó ló kù, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ẹ lọ kí mọ́gàjí agbolé kẹ́ ẹ tó mú sáféyọ̀ wá, torí tí mọ́gàjí bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kí lọ́yà wo fáìlì ilẹ̀ náà ní ìjọba, kó sì gba àṣẹ gómìnà, torí òfin ilẹ̀ 1978 ò ka títà sí láìsí i. Rìsíìtì lásán ò tó o.

Ẹ bèèrè ojúoórì náà! Wọ́n sin bàbá wọn sẹ́yìn yàrá kejì. A kọ ọ́ sínú àdéhùn pé mi ò ní wú u, mi ò sì ní dí ọ̀nà mọ́ wọn. Bó bá di Iléyá, Àlháájà ará Jos máa ń wá ṣàdúà níbẹ̀, èmi ni mo máa ń gbé àga síta fún wọn.