Tí imú bá ń yún yín tẹ́ ẹ sì ń sín ṣáá nígbà ọyẹ́: bẹ́ ẹ ṣe lè tọ́jú ẹ̀ nílé

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Abẹ́òkúta mọ nǹkan tí mò ń sọ, téèyàn bá dúró n'Íkìjà láàárọ̀ báyìí, Olúmọ tó wà nítòsí yẹn á dà bíi pé wọ́n ta aṣọ bò ó, ètè ti là, gìgísẹ̀ ti sán, imú náà sì ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ imú yẹn ni mo fẹ́ ká sọ torí ó ti fìyà jẹ ìyá mi gan-an, mo sì mọ̀ pé àìmọye èèyàn ló wà tó ń pè é ní kátà lásán, tí wọ́n ń fowó ra oògùn tí ò kàn án.

Láfún ni màámi ń tà ní Láfẹ́nwá. Ẹ̀yìnkùlé wa ló ti máa ń jọ̀ ọ́. Bó bá ti jókòó sórí àpótí, tó gbé ọpọ́n síwájú, kó tó jọ̀ ọ́ dé ìdajì á ti sín tó ẹ̀ẹ̀meje, á wá fẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, láfún ló sì wà lára ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn náà, á tún sín. Ojú á pọ́n, omi á máa dà nímú ẹ̀ bí ẹni tó gé àlùbọ́sà. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ń ra kápúsù fún un, eléyìí pupa òun dúdú tí wọ́n ń tà káàkiri, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan bi í léèrè pé ṣé ara ẹ̀ máa ń gbóná tó bá ń ṣe é, ṣé ó máa ń lọ fúnra ẹ̀ tí ò bá sí nídìí láfún. Màámi ní ara òun ò gbóná rí. Nọ́ọ̀sì ní àlẹ́jì nìyẹn, pé kápúsù tó ń pa kòkòrò àìsàn ò lè ṣe nǹkan kan fún un torí kò sí kòkòrò àìsàn kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ ẹ̀. Ọ̀fìnkìn máa ń bá ara gbígbóná tàbí ara ríro wá, ọ̀fun lè máa dunni, tó bá sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ó ti ń lọ nìyẹn. Àlẹ́jì ní tiẹ̀, yíyún ló fi ń yàtọ̀: imú á máa yún, ojú á máa yún, òkè ẹnu nínú lọ́hùn-ún pàápàá á máa yún tẹ́ ẹ á fi máa fi ahọ́n họ ọ́, ẹ á sín léraléra, ikun tó ń jáde á mọ́ bí omi, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì láìlọ. Ohun tó fà á ni pé ara rí eruku tàbí nǹkan tí ò lè pani lára, ó wá rò pé ọ̀tá ni, ló bá ń tú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní histamine jáde láti bá a jà, òun ló ń jẹ́ kí imú wú kó sì máa ṣomi.

Torí náà kẹ́ ẹ tó se ewé, kẹ́ ẹ tó gún ata ilẹ̀, ẹ wá nǹkan tí ara yín ń bá jà. Èmi gbà pé ìdajì ìwòsàn nìyí. Ẹ mú ìwé ẹsàsáìsì kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti ń ṣe yín: aago mélòó, ibo lẹ wà, kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́. Bí mo ṣe kọ ti màámi nìyẹn. Láfún la rò pé ó máa jẹ́, òun náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan tá ò retí ni pé aago márùn-ún ìdájí ló máa ń le jù, kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì rárá! Ìrọ̀rí òwú tó ń lò látìgbà tí wọ́n ti bí àbúrò mi ló ń ṣe é. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan wà tí ojú ò lè rí, inú fóòmù, ìrọ̀rí àti rọ́ọ̀gì ni wọ́n ń gbé, èépá ara wa ni wọ́n ń jẹ, ìgbẹ́ wọn tó dà bí eruku yẹn la ń fà símú mọ́jú.

A sọ ìrọ̀rí yẹn nù. Èyí tá a rà tuntun, a wá àpò tó ní síìpù tí eruku ò lè gbà jáde, a fi wọ̀ ọ́, ká tó wá fi aṣọ ìrọ̀rí lé e. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́, omi gbígbóná tí ọwọ́ ò lè gbà sì ni kẹ́ ẹ fi rẹ ẹ́, omi tútù á fọ ìdọ̀tí kúrò ṣùgbọ́n kò lè pa kòkòrò yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sá nǹkan ibùsùn lásìkò ọyẹ́, ẹ má fi sórí àpáta látàárọ̀ dalẹ́ bá a ṣe ń sá láfún o, torí eruku tẹ́ ẹ fẹ́ lé jáde ni ọyẹ́ á tún kó padà síbẹ̀. Ẹ sá a nígbà tí oòrùn bá mú, kẹ́ ẹ tètè kó o wọlé, kẹ́ni tí ò ní àlẹ́jì sì bá yín gbọ̀n ọ́n níta.

Ilẹ̀ gbígbá náà wà níbẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n á bu omi wọ́n ilẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ lórí ilẹ̀ gbígbẹ lóṣù Kejìlá, ńṣe lẹ kàn ń gbé eruku látilẹ̀ lọ sókè, wákàtí mélòó kan ló fi máa wà nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀. Ẹ wọ́n omi, tàbí kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, nu orí tẹlifíṣọ̀n, nu abẹ́ fáànù dáadáa, torí ẹ̀yìn fáànù yẹn nìkan tó eruku fún gbogbo yàrá. Ẹ kó aáyán kúrò ní kíṣìnnì, ìgbẹ́ tiwọn náà máa ń fa àlẹ́jì. Kọ́ìlì ẹ̀fọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo nẹ́ẹ̀tì dípò ẹ̀, èéfín ẹ̀ máa ń ha imú, bí èéfín jẹnẹrétọ̀ àti pàǹtí tí wọ́n ń jó láàárọ̀ ṣe ń ha á. Tó bá wá di àsìkò òjò, ẹ̀yin tí ilé yín sún mọ́ odò Ògùn, ẹ wo ara ògiri, ibi tó bá ti bu dúdúdúdú yẹn ń ṣe imú níṣẹ́ ibi, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé kó gbẹ.

Ẹni tó jẹ́ pé inú iṣẹ́ ni tiẹ̀ wà, bíi màámi, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìbòmú ló ń lò báyìí, ó ń fún un mọ́ imú dáadáa, ó sì ń kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ tó bá ń jọ láfún kí eruku ẹ̀ lè máa bá afẹ́fẹ́ lọ síwájú. Tó bá ṣe tán, á bọ́ aṣọ yẹn síta, á bọ́jú, á ṣan apá, kó tó wọ yàrá. Ẹ̀yin aládìrẹ Ìtòkú náà, òórùn kọ́sítíìkì àti háídrọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ fi ń pa aró yẹn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, kì í ṣe àlẹ́jì ṣùgbọ́n ó máa ń bó inú imú.

Ó wá ku oògùn ilé gan-an. Nínú gbogbo ẹ̀, omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń fọ imú ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún jù, àwọn dókítà náà fọwọ́ sí i, kò sì wọ́n. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí o.

Ẹ mú pure water ọ̀rá kan, 50cl ni, ẹ dà á sínú ìkòkò tó mọ́, ẹ jẹ́ kó hó yaya fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kẹ́ ẹ dé e kó tutù títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má torí pé wọ́n kọ pure sí i lára kẹ́ ẹ wá dà á símú láìsè é. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Naegleria fowleri, téèyàn bá mu ún kì í ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá gba imú wọlé ó lè dé ọpọlọ, ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àmọ́ ẹni tó bá ṣe kì í sábà yè é. Torí náà omi ẹ̀rọ, omi kànga, omi pure, gbogbo ẹ̀ ẹ sè é. Ẹ wá bu iyọ̀ ṣíbí tíì kan, kó má kún, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣíbí ló tó. Iyọ̀ tí ò ní áyódíìnì ló dáa jù tẹ́ ẹ bá rí i, tó bá jẹ́ iyọ̀ ilé lẹ ní tó sì ń ta yín, ẹ dín in kù. Tẹ́ ẹ bá ní baking soda, ẹ fi ìka méjì mú díẹ̀ sí i, kì í jẹ́ kó ta. Ẹ má fi káún dípò ẹ̀.

Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ lo síríńjì ńlá tí ò ní abẹ́rẹ́, tàbí ike tó ṣeé fún tó sì mọ́ tónítóní. Ẹ tẹ̀ síwájú lórí báásìnì, ẹ dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan kí ihò imú kan wà lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ẹ la ẹnu sílẹ̀, ẹnu yẹn lẹ ó máa fi mí. Ẹ wá máa fún omi náà sínú ihò tòkè jẹ́jẹ́. Á gba ẹ̀yìn lọ, á sì jáde ní ihò kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màámi ṣe é, ó pariwo, ó ní omi fẹ́ pa òun, nítorí pé imú ló fi ń gbìyànjú láti mí. Mo ní kó máa sọ pé "ká-ká-ká" bí omi ṣe ń lọ, ìyẹn kì í jẹ́ kí omi wọ ọ̀fun. Ìgbà kejì ó ti mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tán, ẹ ṣe ìkejì, ẹ wá fun imú pẹ̀lẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ẹ má fun méjèèjì pọ̀ tipátipá torí ó lè ti omi lọ sétí. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tó, ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ibi eruku dé ló dáa jù. Ẹ fọ ike yẹn kó gbẹ, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú omi tó bá ti di ọjọ́ kejì ẹ dà á nù. Tí imú bá dí pa tàbí tí etí ń dùn yín, ẹ má tíì ṣe é. Ọmọ kékeré, ẹ má fún omi sí i nímú bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀kán méjì-mẹ́ta ti tó o, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì kó fi hàn yín.

Òrí ni mo tún fẹ́ràn. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ fi ìka ra òrí díẹ̀ yí etí ihò imú ká, ẹnu ọ̀nà lásán ni o, ẹ má kì í wọnú. Eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, òrí ò sì ní jẹ́ kí ọyẹ́ mú ibẹ̀ là títí á fi máa ṣẹ̀jẹ̀.

Ti ewé ẹfinrin àti omi gbígbóná tá a máa ń daṣọ bo orí lé, mi ò ní sọ pé kò dáa, ó máa ń tu èèyàn lára, ó ń jẹ́ kí ikun rọ̀, ṣùgbọ́n kò wo àlẹ́jì, bẹ́ẹ̀ omi yẹn ti bó ọ̀pọ̀ ọmọdé. Àgbà nìkan ni kó ṣe é, kí abọ́ wà lórí tábìlì tí ò mì, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orí sítóòfù. Ata ilẹ̀ sísè pẹ̀lú oyin náà dáa fún ọ̀fun tó ń ha, ẹ mu ún bó ṣe wù yín, àmọ́ ẹ má fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá. Wọ́n máa ń sọ pé oyin àdúgbò ẹni ń wo àlẹ́jì, kò sí ẹ̀rí tó múná dóko fún ìyẹn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun mímu aládùn tara yín.

Èyí tí mo fẹ́ fi gbogbo ohùn mi sọ ni àwọn nǹkan tí wọ́n ń kán símú. Omi aáyù, omi àlùbọ́sà, àdín, epo pupa, aáṣáà. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má kán an, pàápàá sí ọmọ ọwọ́. Epo tó bá wọ imú ọmọ lè sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóóró, kó sì fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóóró tó ṣòro wò. Robb náà, àyà ni kẹ́ ẹ fi pa, kì í ṣe inú imú, kẹ́ ẹ má sì fi pa ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì. Oògùn ìkán-sí-imú tí kẹ́míìsì ń tà tó máa ń ṣí imú lójú ẹsẹ̀ yẹn, kó má kọjá ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tẹ́ ẹ bá ń lò ó lọ, imú á wá máa dí nítorí ẹ̀.

Tí gbogbo èyí ò bá tó, kò sí nǹkan tó burú nínú oògùn àlẹ́jì. Piriton máa ń kun èèyàn lóorun, ẹ̀yin ọlọ́kadà ẹ má lò ó kẹ́ ẹ gun ọ̀kadà. Loratadine tàbí cetirizine kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ tó o, ẹ sọ fún oníkẹ́míìsì tẹ́ ẹ bá lóyún tàbí tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ lọ rí dókítà tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ imú kan ṣoṣo ló ń dí tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara bá ń gbóná tí ojú sì ń dunni, tí imú ọmọdé kan bá ń rùn tó ń dà (ọ̀pọ̀ ìgbà ó ti ki ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀wà síbẹ̀ ni). Tí àyà bá ń dún fíì-fíì tàbí tí èémí ń há, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ á mọ́, torí àlẹ́jì imú àti ikọ́ fée (asthma) máa ń rìn pọ̀. Ẹ lè lọ sí State Hospital n'Íjàyè tàbí Federal Medical Centre (FMC) n'Ídí-Àbà, kẹ́ ẹ sì mú ìwé ẹsàsáìsì yẹn dání. Ti màámi la gbé kalẹ̀ fún dókítà, ó kà á tán kó tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.