Bí a Ṣe Ń Yan Ṣéènì Alùpùpù Nígbà Tí Owó Kò Pọ̀ Lọ́wọ́

Kí ẹ tó mú owó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ṣéènì tó wà lára tiyín ti jẹ tán lóòótọ́ tàbí ó kàn dẹ̀ ni, nítorí pé èyí tó dẹ̀ lásán, sípánà ni yóò tún un ṣe láìná kọ́bọ̀. Rúlà gígùn tàbí téèpù tó ní mílímítà ti tó fún ìwádìí náà. Ṣéènì 428 ló wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù 100cc sí 150cc tí àwọn ọlọ́kadà wa ń gùn, 12.7 mm sì ni àárín pínnì kan (irin róbótó kékeré tó so ojú ṣéènì pọ̀) sí àárín èkejì nínú rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun. Ẹ fa ṣéènì náà kí ó le, ẹ ka pínnì 21, kí ẹ wá wọn àárín ti àkọ́kọ́ títí dé àárín ìkọkànlélógún. Tuntun yóò jẹ́ 254 mm. Bí ó bá ti di 259 mm, òmíràn ló kù kí ẹ rà. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, torí pé ṣéènì kì í sábà jẹ lọ́gbọọgba.

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí ṣéènì bá ti fà, a máa ń ní kí mẹkáníìkì gé ojú méjì kúrò nínú rẹ̀ kí ó lè tún le. Ṣùgbọ́n irin náà kò gùn sí i bíi rọ́bà. Inú oríkèé kọ̀ọ̀kan ni pínnì ti ń yí nínú búṣì, ìyẹn páìpù kékeré tó yí i ká. Bí ọ́ìlì bá ti gbẹ tí eruku sì wọlé, àwọn méjèèjì á máa họ ara wọn títí àlàfo tínínní yóò fi ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, nígbà tí àlàfo bẹ́ẹ̀ bá sì wà nínú oríkèé tó lé ní ọgọ́rùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀ ni a ń rí tí a fi ń sọ pé ṣéènì ti fà. Ojú méjì tí a gé kò yí èyí padà. Àwọn oríkèé tó kù ṣì jìnnà síra ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kì í jókòó dáadáa sínú kòtò eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin róbótó eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí) mọ́, orí eyín ni wọ́n ń gùn, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lọ. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ lórí ṣéènì, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ni yóò gbà á lọ́wọ́ wa.

Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára irin ẹ̀gbẹ́ ṣéènì ni kí ẹ fi ra òmíràn. Bí páálí bá kọ 428H-118L, 4 tó ṣáájú dúró fún ìdá mẹ́rin nínú mẹ́jọ ínṣì, ìyẹn 12.7 mm tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. H ń sọ pé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn ju ti 428 lásán lọ. 118 sì ni iye ojú rẹ̀. Láti pínnì dé pínnì, bákan náà ni 420 àti 428 rí, ṣùgbọ́n inú 420 fẹ̀ tó 6.35 mm péré, nígbà tí ti 428 jẹ́ nǹkan bí 7.9 mm. Nítorí náà, bí ontajà bá ní ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ má gbà. Ẹni tó ń gbé èrò tàbí ẹrù, kí ó fi owó díẹ̀ kún un kó ra èyí tó ní H. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ka ojú ti àtijọ́, kí ẹ ka lọ́ọ̀kì, ìyẹn ojú tó so ìkángun ṣéènì méjèèjì pọ̀, mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá rí iye kan náà, ẹ ra èyí tó gùn jù ú lọ, kí mẹkáníìkì gé e. Ẹ má ra èyí tó kúrú kí wọ́n wá fi lọ́ọ̀kì kejì so àfikún mọ́ ọn, torí pé ibi méjì ni ó ti lè já nígbà náà.

Ní ìsọ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ ṣéènì náà kúrò nínú páálí. DID láti Japan àti Rolon láti Íńdíà wà lára àwọn orúkọ tí a mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sára páálí nìkan kò tó ẹ̀rí, orúkọ tó ń tà ni ayédèrú máa ń gbé wọ̀. Ẹ wò ó bóyá orúkọ àti nọ́ńbà hàn ketekete lára irin náà. Ẹ wá di apá kan rẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́, lọ́nà tí oríkèé rẹ̀ kò fi ní lè ká, kí ẹ sì na ìyókù síwájú: èyí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe yóò tẹ̀ díẹ̀, èyí tí àlàfo ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ yóò wọ́ wálẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò yí rólà rẹ̀, ìyẹn irin róbótó tó yí búṣì ká, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá há, ẹ dá a padà. Ti tòkunbọ̀ ni kí ẹ má fọwọ́ kàn rárá.

Ẹ wo eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹnu wọn sì ti mú ṣóńṣó, wọn yóò ba ṣéènì tuntun jẹ́ kíákíá, ẹni tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ó sàn kó ra ṣéènì àárín-méjì pẹ̀lú sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì ju kó ra ṣéènì olówó ńlá nìkan lọ. Bí eyín ti ẹ̀yìn bá ṣì dúró ṣinṣin, ẹ pààrọ̀ ti iwájú ó kéré tán. Òun ló kéré jù, òun náà ló sì ń yára jẹ. Àwọ̀ wúrà kò fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ayé ṣéènì. Èyí tó ní rọ́bà róbótó láàárín irin rẹ̀ ń pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó wọ́n, ó sì fẹ̀ ju ti lásán lọ, ó lè máa ha ìbòrí ṣéènì lára alùpùpù kékeré. N kò rò pé ọlọ́kadà tó ń ṣọ́wó ná nílò rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ṣéènì tí owó rẹ̀ kéré jù ló ń dín ìnáwó kù. Ká sọ pé ṣéènì ₦6,000 lo oṣù 3, tí ti ₦12,000 sì lo oṣù 10: ₦2,000 ni ti àkọ́kọ́ ń jẹ lóṣù, ₦1,200 ni ti èkejì, a kò sì tíì ka owó iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, ẹ rí i pé ẹ̀yìn kílíìpì lọ́ọ̀kì, níbi tí kò ti là, ló kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ. Ẹ yí táyà kiri títí ẹ ó fi rí ibi tí ṣéènì ti le jù, kí ẹ sì fi ìdẹ̀ (àyè tí ṣéènì ní láti lọ sókè sódò) bíi 20 sí 30 mm sílẹ̀ níbẹ̀, àyàfi bí ìwé alùpùpù yín bá sọ iye mìíràn. Ọ́ìlì gíà ni kí ẹ máa fi sí i nígbà tí ó bá ṣì gbóná lẹ́yìn ìrìn. Ẹ má lo ọ́ìlì tí a tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, torí pé ó ní lẹ́búlẹ́bú irin nínú. Lẹ́yìn nǹkan bí 300 kìlómítà, ẹ tún ìdẹ̀ rẹ̀ wò, torí pé ṣéènì tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.