Bí a ṣe ń dá akọni aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ cyborg sílẹ̀ nínú kọ́míìkì

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló ti fi àkọsílẹ̀ kọ́míìkì wọn nípa cyborg, ìyẹn ènìyàn tí ẹ̀rọ gba apá kan ara rẹ̀, ránṣẹ́ sí mi kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti mọ́ mi lára láti ṣí ojú ìwé kẹta kí n tó ka ti ìkíní. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú náà ti máa ń jí lórí tábìlì ní yàrá ìwádìí, tí yóò wo apá irin rẹ̀, tí yóò kígbe pé òun kì í ṣe ènìyàn mọ́, tí yóò sì fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ dígí. Nígbà tí a bá fi máa ka ìwé náà tán, a ó ti mọ iye ògiri tí apá yẹn lè wó, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ẹni tó ni apá náà. Inú ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ wà.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Kọ̀ǹpútà lè dúró dè yín, nítorí ẹni tó bá tètè jókòó ti kọ̀ǹpútà a máa tètè kọ ìran ìjà. Ẹ kọ ojú ìwé méjì nípa ènìyàn náà bó ṣe wà kí ẹ̀rọ tó wọ ara rẹ̀: iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹni tó jẹ ní gbèsè, ohun tó mọ̀ ọ́n fi ọwọ́ ṣe, àti aáwọ̀ kan tí kò tíì parí láàárín òun àti ẹnì kan tó fẹ́ràn. Aáwọ̀ yẹn ni ẹ kò gbọdọ̀ fò. Victor Stone, akọni tí wọ́n ń pè ní Cyborg, tí Marv Wolfman àti George Pérez dá sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kọ́míìkì DC ní ọdún 1980, fìdí múlẹ̀ nítorí pé òun àti bàbá rẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni bàbá, eré ìdárayá ni ọmọ yàn láàyò, nígbà tí ikú sì fẹ́ mú ọmọ lọ, bàbá yìí kan náà ló fi irin dí ibi tí ẹran ara ti ṣí kúrò. Àárín ìjà tó ti wà nílẹ̀ ni ẹ̀rọ náà bọ́ sí.

Ó wá kan ibi tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi gbólóhùn tó pé dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí: ta ló sanwó ẹ̀rọ náà, ta ló buwọ́ lùwé nígbà tí ẹni náà ṣì dákú, ta ló mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ta ló lè dá a dúró láti òkèèrè, ta ni yóò sì tún un ṣe bó bá bàjẹ́? “Bàbá rẹ̀ ni” kì í ṣe ìdáhùn. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan, inú yàrá ìkẹ́rùsí ẹnì kan ni irin náà ti wá, ẹni náà yóò sì wá béèrè ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ara aláwọ̀ dúdú lórí tábìlì yàrá ìwádìí kì í ṣe àwòrán lásán lójú òǹkàwé aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Títí di ọdún 1865 ni òfin ilẹ̀ náà fi gbà kí ènìyàn ní ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ní ẹṣin. Láti ọdún 1932 títí di 1972, àwọn dókítà ìjọba jókòó, wọ́n ń ṣọ́ bí àrùn syphilis ṣe ń ba ara ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jẹ́ ní agbègbè Tuskegee, wọn kò sì fún wọn ní penisilíìnì nígbà tí oògùn náà ti wọ́pọ̀. Ní ọdún 1951, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó jẹjẹrẹ Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ní Baltimore láì gba àṣẹ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i ní yàrá ìwádìí káàkiri ayé, àwọn ilé iṣẹ́ sì ti fi pa owó ńlá. Òǹkàwé ti gbọ́ ìtàn wọ̀nyí kó tó ṣí ìwé yín. Bí gbogbo ènìyàn inú yàrá náà bá wá ń yọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ohun tí ẹni tó wà lórí tábìlì fẹ́, ẹ ti sọ ohun tí ẹ kò pinnu láti sọ.

Ẹ má tìtorí èyí kó ẹ̀kọ́ ìtàn sí akọni yín lẹ́nu. Mo ti ka àkọsílẹ̀ kan tí akọni náà ti fi odidi ojú ìwé méjì sọ̀rọ̀ nípa oko ẹrú láàárín ìjà, tí ọ̀tá rẹ̀ sì dúró, tó ń tẹ́tí bí akẹ́kọ̀ọ́. Inú bébà ni kí ẹ kó ọ̀rọ̀ náà sí. Ọ̀nà àbùjá tí èmi ń gbà rèé, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀: mo máa ń mú àdéhùn gígùn tí a ń gbà láìkà nígbà tí a bá ra fóònù, mo ń fi “apá ọ̀tún” rọ́pò “fóònù” níbi gbogbo, mo sì ń kà á sókè. “Ilé iṣẹ́ lè dá iṣẹ́ apá ọ̀tún dúró nígbàkigbà láì kọ́kọ́ fi tó olùlò létí. Bí olùlò bá gbé apá ọ̀tún fún ẹlòmíràn tún ṣe, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí rẹ̀ ti parí.” Ẹ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé akọni lọ́wọ́ kí ó tó di ojú ìwé kẹwàá, kí ẹ sì jẹ́ kí ayàwòrán fi ojú rẹ̀ hàn bó ṣe ń kà á. Kò nílò láti sọ nǹkan kan.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ṣe é dáadáa, kí ó wá Michael Collins, akọni cyborg tó ń jẹ́ Deathlok nínú kọ́míìkì ọdún 1990 tí Dwayne McDuffie àti Gregory Wright kọ fún ilé iṣẹ́ Marvel. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó kórìíra ogun ni, wọ́n gbé ọpọlọ rẹ̀ sínú ara tí wọ́n ṣe fún ogun, ohun àkọ́kọ́ tó sì já gbà ni àṣẹ pé ara náà kò gbọdọ̀ pa ènìyàn. Kí ó tó ju ẹ̀ṣẹ́ kankan ni ìjà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya ènìyàn sórí bébà, ẹ fi pẹ́ńsù kun ibi tó ṣẹ́kù ní ẹran ara. Ẹ jẹ́ kó pọ̀. Èmi kì í gbà kí ó dín sí ìdajì, kì í sì í ṣe ojú nìkan. Ẹ wá mú un lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Irin ti gba apá òsì orí rẹ̀, irun sì ń hù lápá ọ̀tún. Ọkùnrin tó ti ń gẹ̀ ẹ́ láti kékeré gbé ẹ̀rọ ìgẹ̀run súnmọ́ etí irin náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó béèrè bóyá ó ń dùn ún níbẹ̀. Irú ìran báyìí fi hàn pé ènìyàn ni, kò sì sí ẹni tó fọ́ dígí. Ní ti gbólóhùn pé bí irin ṣe ń pọ̀ lára ni ẹ̀mí ènìyàn ń dínkù, ẹ pa á rẹ́ níbikíbi tí ẹ bá ti rí i. Àwọn tó ń lo ọwọ́ àtọwọ́dá ń ka kọ́míìkì pẹ̀lú.

Agbára rẹ̀ kò gba àkókò: méjì tó, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí a lè lò nínú ilé. Àléébù ló yẹ kí ẹ fi àkókò wá. Ọwọ́ ẹ̀rọ tó wà ní ayé gidi ń gba àmì iná mànàmáná kékeré láti inú iṣan nípasẹ̀ awọ, òógùn lè dà á rú, bátìrì rẹ̀ sì nílò iná déédéé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti fi ìmọ́lẹ̀ wo bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 rí i pé ìgbà tí ẹ̀rọ yìí kò rí àìtó ọ́síjìn lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ẹ wo akọni kan tí ẹ̀rọ inú àyà rẹ̀ ń sọ fún un pé ara rẹ̀ le, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Bí apá rẹ̀ bá jẹ́ ìbọn, ẹ tún gbọdọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Bí ẹ bá ń kọ ìlànà fún ayàwòrán, ẹ yan àwọ̀ ara pàtó, kí ẹ sì lẹ àpẹẹrẹ rẹ̀ mọ́ ìwé. “Dúdú” nìkan kò tó, eérú ni wọ́n máa ń kùn ún sí. Kí ẹ tó gba àwòrán wọlé, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì láìní àwọ̀. Bí awọ àti irin bá dàpọ̀ di òjìji kan ṣoṣo, kí ayàwòrán tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe. Fọ́tò tí fóònù yí sí dúdú àti funfun náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bébà ni mo gbà gbọ́.

Bí akọni náà bá wà nínú ẹgbẹ́ àwọn akọni, ẹ ka iye ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó ṣí ilẹ̀kùn, kí ó wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ó gbé àwọn yòókù lọ sí ibi ìjà. Bó bá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú ìwé kan, ẹ fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú ojú ìwé márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò nínú wọn, kí ẹ sì fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ìtàn náà kà. Bó bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà lẹ́yìn náà, ẹ dá ẹ̀rọ padà sí i, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ.