Odò kékeré tó jẹ àpò sìmẹ́ǹtì 40 mọ́ mi lọ́wọ́

Àpò sìmẹ́ǹtì 40 ló wọlẹ̀ gbé kí n tó gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé fún ilé mi n'Ìbàdàn, inú sì ń bí mi títí di òní. Ọjọ́ kẹta tí a da kọnkéré ìpìlẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára búlọ́ọ̀kù pé ká dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ìwé tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe ìṣòro: ìwé ilẹ̀, ìwé awọnlẹ̀, ẹ̀rí owó orí, àwòrán ilé tó ní òǹtẹ̀ ayàwòrán àti ẹnjiníà. Mo kó wọn jọ, mo sanwó. Odò kan tí ọmọdé lè fò kọjá lẹ́yìn ilẹ̀ mi ló dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni awọnlẹ̀ wá. Odò ti gbẹ, kò fà á sínú ìwé. Ayàwòrán wo ìwé, kò dé orí ilẹ̀, ó wá gbé ilé ìdáná lọ sí etí odò gan-an. Fáìlì mi wọ ọ́fíìsì, ó di "ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì" fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó kù fún mi. Ni mo bá ní kí bíríkìlà bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀dà pupa, obìnrin kan láti ẹ̀ka ètò ìlú wá, ó mú téèpù dání. Mo ní, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, èyí náà ha ń jẹ́ odò?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ wo igi yẹn."

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan há sí ẹ̀ka igi náà, ó ga tó ìbàdí mi. Omi ló gbé e débẹ̀. N kò rí nǹkan kan sọ. Èmi tí mo mọ ohun tí omíyalé Ògùnpa ṣe lọ́dún 1980, tí mo sì tún fojú rí ti 2011! Bí mo bá dí ọ̀nà omi, ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ ni yóò yà sí. Òun ni iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú: èmi ń wo pulọ́ọ̀tì kan, wọ́n ń wo gbogbo àdúgbò, ibi tí omi yóò gbà àti ibi tí ọ̀nà yóò fẹ̀ dé.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò wá wò ó kí sìmẹ́ǹtì mi tó wọlẹ̀?

A yàwòrán míràn. Iwájú kò ṣeé sún sí nítorí ọ̀nà, nítorí náà mo yọ yàrá kan kúrò. Àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé, ẹ rin ilẹ̀ yín nínú òjò oṣù Keje, kí ẹ sì bẹ òṣìṣẹ́ ètò ìlú wá síbẹ̀ kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan bébà.

Ilé mi ti dé orí fèrèsé báyìí, ó dúró dáadáa, atẹ́gùn ń fẹ́ yí i ká. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, mo dúró sí ilé ìdáná tuntun, mo ń wo bí omi ṣe ń ṣàn kọjá lórí ìpìlẹ̀ tí a fọ́.