Bí Ẹ Ó Ṣe Pín Dúkìá àti Gbèsè Nígbà Tí Ìgbéyàwó Bá Tú Ká

Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin obìnrin tí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ wà lọ́rùn yín ni mò ń bá wí, torí ó ń dùn mí bí ẹ ṣe ń fi owó yín sílẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ ìdáná àti owó orí nìkan lẹ ṣe, ọ̀dọ̀ wa lẹ ń bọ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ìjọba, kóòtù gíga ni. Níbẹ̀, abala 72 nínú òfin ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ (Matrimonial Causes Act) ọdún 1970 fún adájọ́ láṣẹ láti pín dúkìá bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Kò sọ pé dandan ni kó pín in dọ́gba o.

Bó bá jẹ́ ilé lẹ jọ kọ́, ẹ̀rí owó tí ẹ ná sí i ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó kó jáde, ẹ kó rìsíìtì símẹ́ǹtì, búlọ́ọ̀kù àti páànù jọ. Obìnrin kan kó tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ ló gbó, orúkọ ọkọ ló sì wà lára wọn, torí ọkọ ni obìnrin náà máa ń rán lọ rà wọ́n. Bíríkìlà ló gbà á sílẹ̀: ó wá jẹ́rìí pé ọwọ́ ìyàwó lòun ti ń gbowó iṣẹ́. Torí náà, ẹ má sọ nọ́ńbà bíríkìlà àti káfíńtà nù, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ní báńkì.

Bó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ìdílé ọkọ lẹ kọ́lé sí, owó tí ẹ ná ni kí ẹ béèrè, ẹ má jà sí yàrá. Ẹrù tí ẹ fowó ara yín rà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Gbèsè ló ń mú èèyàn lẹ́yìn ọ̀la. Èyí tí ọkọ dá yá, tí ẹ ò fọwọ́ sí, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe onídùúró fún un ní kọpuréètì, ìkọ̀sílẹ̀ ò pa ìwé yẹn rẹ́. Adájọ́ lè ní kí ọkọ san, síbẹ̀ bí kò bá san, ọ̀dọ̀ yín ni kọpuréètì ń bọ̀. Ẹ tètè lọ bá wọn, kí ọkọ fi onídùúró mìíràn rọ́pò yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ síwèé fún yín pé ẹ ti bọ́ ńbẹ̀.

Ohun tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí, títí kan ọjọ́ tí oníkálukú máa san tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí adájọ́ sọ ọ́ di ìdájọ́. Ẹ má kúrò ní kóòtù láìgba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀.